Onídàájọ́ Tó Mọ Ààlà Ilẹ̀

Bí oníwàásù bá fẹ́ kí àmín dún dáadáa ní Awoyaya, kó kéde pé Ọlọ́run rí gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn ń ṣe ní kọ̀rọ̀, àti pé ọjọ́ ìdájọ́ rẹ̀ ti súnmọ́lé. Ìwàásù ìfẹ́ ní àmín tirẹ̀, ti ìwòsàn náà ní. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan Onídàájọ́ tí kì í gba rìbá, àga á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn ìyá á tún gèlè dì kí wọ́n lè ráyè fò. Mo ti ń wàásù ní àdúgbò yìí láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ ibi tó di ẹ̀sítéètì lónìí ṣì jẹ́ irà, ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò sì ṣókùnkùn sí mi. Ó ṣòro kí èèyàn mẹ́wàá jókòó papọ̀ nínú ìjọ kí a má rí ẹni tí wọ́n ti ta ilẹ̀ onílẹ̀ fún láàrin wọn.

Ohun tí mo ní í sọ nípa àmín yẹn kò pọ̀: ojú fèrèsé ló ń gbà jáde. Ilé aládùúgbò ló ń lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kó padà balẹ̀ sórí àga tó ti dìde.

Ẹni tí kò bá mọ Awoyaya, kó gba títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Tó bá ti kọjá Ajah, tó fi Ṣàngótẹ̀dó àti Abijo sẹ́yìn, tí kò tíì dé Lakowe, kó yà wọ àdúgbò, kó máa ka ara ògiri. Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún 419: ohun tí wọ́n kọ sára fẹ́ǹsì nìyẹn. Nígbà mìíràn ẹlòmíràn á ti fi ọ̀dà pa á rẹ́, á kọ ọ́ pé tòun ni, á tún fi nọ́ńbà fóònù sí i. Ìjọba náà á wá fi ọ̀dà pupa fa ẹ̀ẹ́kìsì lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ara ògiri ló ń wàásù ju gbogbo wa lọ lágbègbè yìí, ìwàásù rẹ̀ sì ni pé kí ẹnikẹ́ni má gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

Kò fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n bí sí ibí mọ ìgbà tó jẹ́ pé ẹja, àgbọn àti ẹ̀gẹ́ ni ìlú fi ń jẹun. Láti nǹkan bí 2006 tí ètò agbègbè ọjà ọ̀fẹ́ Lẹ́kí ti bẹ̀rẹ̀, ìròyìn kọ̀ọ̀kan tó bá jáde ló ń gbé owó ilẹ̀ sókè. Ní oṣù kìíní 2023 wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ òkun Lẹ́kí; ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lóòjọ́. Ilẹ̀ tí bàbá ti tà ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan wá di mílíọ̀nù lójú ọmọ, ó sì wá dà bíi lójú rẹ̀ pé wọ́n rẹ́ ilé àwọn jẹ. Olórí ẹbí á kú, àbúrò rẹ̀ á ní òun kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Kọ́ọ̀tù á dá ẹbí kejì láre, gbogbo ẹni tó ti rà lọ́wọ́ ẹbí kìíní á tún tò lọ sọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀ tuntun láti san owó tí wọ́n ń pè ní ratification. Lókè gbogbo wọn, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín láti ayébáyé, kó sanwó pé, kó wá gbọ́ pé inú ibi tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ló bọ́ sí, kò sì sí excision níbẹ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń dá ilẹ̀ padà fún onílẹ̀.

Ìjọba Èkó náà mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 2016, Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀de fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ohun ìní. Òfin yẹn ní ẹ̀wọ̀n nínú fún àjàgùngbalẹ̀, àti fún ẹni tó ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó sì ka owó gbígbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé léèwọ̀. Ẹ bi ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ bóyá ó ti bọ́ lọ́wọ́ owó fáúńdésọ̀n, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé. Ní ti kọ́ọ̀tù, bàbá lè pe ẹjọ́ ilẹ̀ kó jẹ́ ọmọ ni yóò gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu pé kọ́ọ̀tù Ọlọ́run kún fọ́fọ́.

Kí ìṣọ́ òru tó bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn máa ń kọ ẹ̀bẹ̀ wọn sínú ìwé pélébé. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí mo ka ìwé méjì tí ọ̀rọ̀ inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: kí Ọlọ́run tó ń rí ohun gbogbo jà fún mi lórí ilẹ̀ mi. Ilẹ̀ kan náà ni. Ẹni tó tà á ló kọ ọ̀kan, ẹni tó rà á ló kọ ìkejì, àwọn méjèèjì ló sì ń gbààwẹ̀. Tí mo bá ní kí iná sọ̀ sórí ẹni tó ń purọ́, ohùn àwọn méjèèjì ni yóò ròkè jù. Ohun tí a sọ Onídàájọ́ dà nìyẹn, mópòlù tí wọ́n ń háyà: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa bá lọ síbi ìjà. Kì í ṣe òní ló sì bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ìjọ Aládùúrà ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa ni Sáàmù 35 àti 109 ti di ohun tí à ń kà sí ọ̀tá. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, inú Bíbélì ni Sáàmù wà, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ké. Ìjà tèmi ni pé ẹni tó rẹ́ni jẹ náà ń jí ní òru ka Sáàmù kan náà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ìtàn ọgbà àjàrà Nábótì, tó wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 21, ni wọ́n ń wàásù jù níhà ọ̀dọ̀ wa, gbogbo wa la sì ń jẹ́ Nábótì. Ọmọ onílẹ̀ ni Ọba Áhábù tó fẹ́ gba ọgbà náà. Ẹ̀jẹ́ńtì ni Jésébẹ́lì aya rẹ̀, tàbí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni. Mo máa ń ní kí ìjọ tún un kà, kí wọ́n wo bí obìnrin yẹn ṣe ṣe é. Kò rán jàǹdùkú. Ó kọ lẹ́tà, ó fi òǹtẹ̀ ọba lù ú, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbààgbà ìlú Nábótì gan-an. Ó ní kí wọ́n kéde ààwẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì tí òfin Mósè béèrè, ó ní kí wọ́n wá wọn. Gbangba ni wọ́n ti dá ẹjọ́ náà, orúkọ Ọlọ́run ni wọ́n sì fi sọ ọkùnrin náà lókùúta pa. Ẹni tó bá lọ wo fáìlì ilẹ̀ yẹn lọ́jọ́ kejì, yóò rí i pé gbogbo ìwé ló pé. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí wà, àwọn àgbà ìlú fọwọ́ sí i, ààwẹ̀ pàápàá kò gbẹ́yìn.

Ní àdúgbò tí gbogbo ènìyàn ń lépa ìwé ilẹ̀ bíi C of O, gásẹ́ẹ̀tì àti sọ́fè, mi ò rí ìtàn tó yẹ wá jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìdí tí a fi ń kà á. Ìwé lè pé, kí ọwọ́ tó dì í mú má mọ́. Ibi tí Ọlọ́run sì rán wòlíì Èlíjà sí kò ju inú ọgbà àjàrà náà lọ, níbi tí ọba ti sọ̀kalẹ̀ lọ gba ilẹ̀ tuntun rẹ̀. Èlíjà ì bá ti dúró de ọjọ́ ìsìn. Orí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí ni ìdájọ́ ti wáyé, pílà sí pílà.

Ìparí ìtàn náà ni àmín máa ń kú sí. Áhábù fa aṣọ rẹ̀ ya, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó gbààwẹ̀, Ọlọ́run sì sún ìyà náà kúrò ní ìgbà ayé rẹ̀. Obìnrin kan dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ tí mo ka ibẹ̀ dópin. “Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ṣé Nábótì wá jí dìde ni?” Kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀. Mo ní rárá, kò jí. Ó ní, “Kí wá ni tirẹ̀ níbẹ̀?” Mo ṣì ń gbé ìbéèrè yẹn kiri.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń gbé àwọn mìíràn gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Àwọn Ìlàjẹ tó wà létí òkun mọ òrìṣà Ayélála, orúkọ rẹ̀ sì ti dé Bìní, níbi tí wọ́n ti ń gbé ẹjọ́ olè lọ síwájú rẹ̀. Ní kọ́ọ̀tù, onígbàgbọ́ á di Bíbélì mú, mùsùlùmí á di Kùránì mú, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ á fi irin Ògún búra, gbogbo wa la sì mọ èyí tí ọwọ́ ń gbọ̀n lé lórí jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́nu díákónì ni mo ti gbọ́ ọ pé, “Pásítọ̀, ká ní irin ni wọ́n gbé fún ọkùnrin yẹn ni, kò ní dán an wò.” Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé irọ́ ló pa.

Ìyára ló fà á. Ẹni tó kọ Ìwé Oníwàásù ti rí i láti ọjọ́ pípẹ́: ní orí 8 ó ṣàkíyèsí pé tí ìdájọ́ bá ń falẹ̀, ọkàn ènìyàn á máa fà sí ibi ṣíṣe. Kò fi bò, kò sì wá àwáwí fún Ọlọ́run. Àwọn baba ńlá wa pẹ̀lú kò retí pé Olódùmarè yóò máa sáré. Adákẹ́dájọ́ ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ní amòòkùn-ṣolè, bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́. Bọ́lájí Ìdòwú, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì tó padà di olórí ìjọ náà ní Nàìjíríà, kọ ìwé lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962, ẹni tó bá sì kà á yóò gbà pé Yorùbá ti mọ Ọlọ́run ní onídàájọ́ kí míṣọ́nnárì tó so ọkọ̀ rẹ̀ ní Badagry. Lẹ́tà Pétérù kejì ní ìfalẹ̀ yẹn jẹ́ àyè fún ìrònúpìwàdà. Mo gbà á, mo sì ń wàásù rẹ̀, àmọ́ ó rọrùn lẹ́nu èmi tí ilẹ̀ mi kò lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìdájọ́ kíákíá, ó wà nínú Májẹ̀mú Tuntun, inú ìjọ ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ananíà àti Sàfírà ta ilẹ̀. Tiwọn ni ilẹ̀ náà. Pétérù fúnra rẹ̀ sọ fún ọkùnrin yẹn pé owó tó gbà lórí rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Iye tí wọ́n tà á ni wọ́n purọ́ lé lórí, kí ìjọ lè kà wọ́n sí ọlọ́rẹ. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ló wà láàrin ikú ọkọ àti ti aya. Tí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ìdúpẹ́ ọjọ́ Ìsinmi lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, mélòó nínú wa ni yóò délé?

Mo ti rí ìdúpẹ́ ilẹ̀ títà, pẹ̀lú aṣọ ẹbí, pẹ̀lú ìlù, pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun lẹ́nu géètì. Ẹni tí wọ́n ta ilẹ̀ kan náà fún ṣáájú lè wà níbẹ̀ kó máa bá wọn jó, kò tíì gbọ́ ni. Pásítọ̀ ti gbọ́, tàbí ó ti fura. Jẹnẹrétọ̀ ń béèrè dísù, òrùlé ń jò, àpòòwé sì wúwo. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń mọ̀ bóyá oníwàásù gba ohun tó ń wàásù gbọ́. Àwa ìjọ pẹ̀lú ń ra ilẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi ilẹ̀ ta ìjọ lọ́rẹ, ọkàn wa á sì kún fún ọpẹ́, láìbéèrè ìdí tó fi jẹ́ pé àárín ibi tí ìjà wà ni wọ́n fún wa. Wọ́n mọ̀ pé kátakátà kì í yá ara láti wó ilé Ọlọ́run, àti pé ibi tí ìjọ bá wà, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gbówó lórí. A gbé pẹpẹ kalẹ̀, pẹpẹ di ẹlẹ́rìí kẹta.

Ìgbà kan wà tí ìwàásù yìí máa ń náni lówó. Ní ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930, tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá jẹ́ ajíhìnrere rẹ̀, oògùn tí àwọn èèyàn ti fi owó ńlá ṣe ni wọ́n kó síta fún iná. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì tí William Kúmúyì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó ní 1973 wá di ìjọ ńlá, ìdápadà ni ẹ̀kọ́ tí gbogbo ìlú fi mọ̀ wọ́n: ẹni tó jí nǹkan níbi iṣẹ́ á dá a padà, ẹni tó fi ayédèrú ìwé ẹ̀rí gbaṣẹ́ á lọ jẹ́wọ́. A fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Èrò tèmi ni pé àṣejù wọ apá kan rẹ̀, pàápàá tó bá kan ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ó dá wọn lójú pé Ọlọ́run ń ka rìsíìtì. Sákéù náà kò ronú pìwà dà kó wá jókòó. Ìdajì ohun ìní rẹ̀ lọ fún tálákà, ẹni tó rẹ́ jẹ sì gba ìlọ́po mẹ́rin.

Ọkùnrin kan wá sọ fún mi tayọ̀tayọ̀ pé Ọlọ́run ti dárí ilẹ̀ tí òun tà lẹ́ẹ̀mejì ji òun. Mo ní ẹni tó rà á ńkọ́? Ó ní onítọ̀hún ti kó lọ sí Ìbàdàn. Mo ní ọkọ̀ Ìbàdàn ń gbéra ní Ajah láràárọ̀. Kò pẹ́ tí n kò rí i mọ́. Mo gbọ́ pé ìjọ tó wà ní òpópónà kejì ló ń lọ, wọ́n sì ti fi í sínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ràn bí a ṣe ń pe ọmọ onílẹ̀ ní ọmọ èṣù láti orí pẹpẹ. Abúlé wà ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí tó pàdánù oko àti ibi ìpẹja nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá dé, ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú sì fa ìjà gígùn. Ọmọ irú abúlé bẹ́ẹ̀, tí kò ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó dúró lórí oko bàbá rẹ̀, lè wà nínú àwọn tó dúró sí iwájú fáúńdésọ̀n yín pẹ̀lú kùmọ̀. Kùmọ̀ yẹn kò di ẹ̀tọ́ nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú Ọlọ́run tó rí i níbi tó ti ń gba owó yẹn, òun ló rí ọjọ́ tí kátakátà wọ inú ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ̀, òun ló sì rí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé, àti àwa tí a ra ilẹ̀ náà ní ọ̀pọ̀ tí a kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ti ń fi ojú Ọlọ́run mú olè débi pé a gbàgbé Hágárì. Ẹrúbìnrin ni, ìyà ló lé e wọ aginjù pẹ̀lú oyún, ó sì sọ Ọlọ́run lórúkọ níbẹ̀ pé ó rí òun. Kò sọ ohunkóhun nípa bóyá Ọlọ́run rí Sáráì, ọ̀gá rẹ̀. Kí ẹnìkan ti rí òun ló mú un dìde padà. Mo máa ń wàásù rẹ̀ fún àwọn tó sọ ilẹ̀ nù, wọ́n á sì dákẹ́ gbọ́ mi, láìsí pé ẹnikẹ́ni fò.

Àwọn èèyàn ṣì ń gbé ìwé ilẹ̀ wá kí n ta òróró sí i. Mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Aláùsá, àti bóyá wọ́n ti bi ẹni tó ń dáko lórí rẹ̀ ní ohunkóhun. Àwọn kan ń bínú: “Dádì, ìgbàgbọ́ yín ńkọ́?” Mo ní ó wà níbẹ̀, òróró náà kò sì ní gbẹ kí wọ́n tó ti Ìkẹjà dé. Àwọn díẹ̀ ń padà. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀dọ́kùnrin kan padà wá sọ fún mi pé orúkọ opó kan tó ń gbé ní Ìkòròdú ló wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ta fún òun, òun ò sì rò pé màmá yẹn mọ̀ pé wọ́n ń polówó rẹ̀ kiri. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kó kàn gba àsansílẹ̀ rẹ̀ padà kó máa lọ, tàbí ó di dandan kó wá màmá náà kàn. Mo ní kó jókòó. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà fóònù wọn.